Ìdúpẹ́ Kí Oògùn Tó Tán

Yába, Oǹdó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 2024.

Tolúwalọpẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹ̀bùnolúwa ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti jáde? Àwa náà wà níbí, a ń mí, a sì ń dúpẹ́ pé a ń mí.

Ìwé ni mo kọ sí ọ, tí mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, n kò pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́, àbúrò mi Olúgbémiga, tó sìn mí wálé láti Àkúrẹ́, á ní kí gbogbo ilé bá mi kí ọ, á tẹ ibi tí ohùn ti ń jáde síta, ọ̀rọ̀ wa á sì dé ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú mi. Ìwé kì í pariwo. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà. Jẹ́ kí ó wúlò fún èmi náà lẹ́ẹ̀kan.

Èmi àti Olúgbémiga lọ sí Èkó lọ́jọ́bọ̀, lọ́dọ̀ dókítà tí àwọn Kánádà ní kí ó yẹ̀ mí wò nítorí físà. Ó gbà mí tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọ́n wọn gíga mi, wọ́n ní mo ti kúrú sí i. Mo ní ọ̀pá wọn ló gùn jù. Wọ́n ya àwòrán àyà mi. Dókítà wo àwòrán náà, ó tún un wò, ẹ̀rín bá kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ máa ń wúkọ́?" Mo ní rárá o. Ibi tí mo ti ń sọ rárá yẹn ni ikọ́ ti gbé mi, mo wú u títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní eruku Èkó ni. Ó ní òun mọ̀ pé eruku Èkó pọ̀, ṣùgbọ́n kí n wá há kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike fún òun láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Èmi, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé! O sọ fún mi pé iṣẹ́ wákàtí méjì ni. O ò sọ̀rọ̀ ike.

Nígbà tí a padà sílé Olúgbémiga ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́, ó ní kí n má jẹ́ kí ọkàn mi pòrúurùu. Ó mọ ọkùnrin kan ní Ọ̀bà-Ilé tó ń ta àwòrán àyà tó mọ́ bí omi òjò. Ti ọkùnrin wà, ti obìnrin wà, ti àgbà náà wà. Mo béèrè pé, "Àyà ta ni?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àyà kì í ní orúkọ."

Sọ fún mi, kí ni kí n ṣe? Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi wẹ ọmọ-ọmọ mi kí ó tó di ẹni tí ń wẹ ara rẹ̀. Mo ti sọ fún gbogbo Ẹgbẹ́ Ìyá pé kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, n ó ti wà lọ́dọ̀ rẹ. Bísọ́dún, tó jẹ́ ààrẹ wa, ti kó gèlè méjì fún mi tí n ó bá a gbé dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kánádà. Má ṣe jẹ́ kí n dá gèlè padà.

Ìyá rẹ,
Agnes.


Saskatoon, Kánádà.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, 2024.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ìrìn Èkó, ẹ sì kú àmúmọ́ra ọ̀rọ̀ ike. Eyín Ẹ̀bùn ti di méjì. Ó ti fi ọ̀kan bù mí jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fi sùúrù ṣàlàyé, nítorí iṣẹ́ dókítà ẹ̀dọ̀fóró tí mo fi ọdún mẹ́tàlá kọ́ nìyí. Dókítà náà rí òjìji kan lórí ẹ̀dọ̀fóró yín, ó sì ń fura sí ikọ́ ife. Ìfura ni, kò tíì di ìdájọ́. Ilé àyẹ̀wò á gbin kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn bí Bàbá ṣe máa ń gbin hóró kòkó sínú ọ̀rá, wọ́n á máa ṣọ́ ọ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bóyá nǹkan á hù. Ohun tó yàtọ̀ ni pé a kò fẹ́ kí tiwa hù.

Bí ó bá hù ńkọ́? Àìsàn oríṣi méjì ló ń kó bá ìwé òbí tí ọmọ fẹ́ mú wá síbí. Èkíní ni èyí tí ìjọba rò pé ìtọ́jú rẹ̀ á ná àwọn ní owó tó pọ̀ jù lọ́dọọdún. Ìyẹn lè ti ilẹ̀kùn pátápátá. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè ran ẹlòmíràn. Ikọ́ ife wà nínú èkejì yìí, ó sì ní oògùn. Ẹni tó bá lo oògùn rẹ̀ parí, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì mọ́, wọ́n á tẹ̀síwájú lórí ìwé rẹ̀. Fáìlì yín kò ní kú, Màmá. Ó kàn máa dúró ni.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mọ̀ pé a purọ́, ọdún márùn-ún gbáko ni wọn kò fi ní gba ìwé yín wò mọ́. Ẹ bá mi sọ fún Ọ́ńkù Olúgbémiga pé àyà ní orúkọ. Ó ní ọjọ́ orí, ó ní egungun tó ti ṣẹ́ rí tó sì jinná. Dókítà tó bá mọṣẹ́ á mọ̀ pé àyà àlejò ni.

Ẹ máa ṣí fèrèsé. Ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín. Ikọ́ ife kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe èpè. Kòkòrò tí a fà símú ni.

Ọmọ yín,
Tolúwalọpẹ́.


Yába, Oǹdó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní, 2025.

Tolúwalọpẹ́,

Ẹ kú ọdún o. Ọdún á yabo fún wa.

Ó hù. Má tún mú àfiwé kòkó yẹn wá mọ́, nítorí n kò lè wo igi kòkó lójú mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí mo ti ń gbé oògùn mì. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, èyí sì bà mí lẹ́rù, nítorí ohun tí ìjọba bá fi ṣe ọ̀fẹ́, ó yẹ kí ènìyàn wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìtọ̀ mi pọ́n bí epo. Mo ti ń ronú ẹni tí n ó fi ìkòkò mi sílẹ̀ fún kí nọ́ọ̀sì tó sọ pé àwọ̀ oògùn ni. Kí ló dé tí ìwọ kò sọ fún mi? O kọ ojú ewé méjì nípa òjìji, o ò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìtọ̀.

Mo sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń lò. Bísọ́dún ní kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi ń mú mi wúkọ́. Mo ní ó ru gòkè jù ni.

Nọ́ọ̀sì ní mo gbọ́dọ̀ ní ẹnìkan tí yóò máa wo mí bí mo ṣe ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́. Olúgbémiga jìnnà, ẹnu rẹ̀ sì súnmọ́ tòsí. Mo bá yan Àbdùlláhì, télọ̀ tó wà níwájú ilé wa, nítorí kò sí ohun tó lè gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láàárọ̀, á gbé omi síwájú mi, á dúró bí ẹni tó fẹ́ gba owó orí, á ní, "Màmá, ẹ lanu." Inú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí ló ń sàmì sí. Ó ṣí ojú ewé tèmi, ó sì ń fa igi lójoojúmọ́ lábẹ́ ibi tó kọ ìbú àyà mi sí.

Wọ́n tún ní kí n kọ orúkọ àwọn tí èmi àti wọ́n jọ ń mí nínú yàrá kan. N kò kọ ti Bísọ́dún, ìtìjú náà á pọ̀. Tìrẹ ni mo kọ, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o lò níbí lóṣù kẹjọ, tí o fi Ẹ̀bùnolúwa sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ rẹ, orí ibùsùn mi ni o sùn. O sì jìnnà, kò sí ẹni tí yóò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí ìwọ náà lọ fún àyẹ̀wò. Ṣé o ti lọ?

Ìyá rẹ.


Saskatoon.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú ìfaradà. Ẹ dárí jì mí ní ti ìtọ̀. Bí dókítà bá mọ nǹkan fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń gbàgbé pé ẹlòmíràn kò mọ̀ ọ́n.

Oògùn náà, oṣù mẹ́fà ni. Oṣù méjì àkọ́kọ́ ló máa ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú kòkòrò náà, ara á fúyẹ́, ikọ́ á lọ. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Àwọn kòkòrò tó kù ni alágídí wọn. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á padà wá pẹ̀lú ìmọ̀ oògùn tí ẹ fi lé wọn lákọ̀ọ́kọ́. Mo bẹ̀ yín, oṣù mẹ́fà. Àwọn oní-físà á béèrè káàdì tó fi hàn pé ẹ parí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ Màmá Bísọ́dún. Ẹ fẹ́ràn wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Ìtìjú kì í wo àìsàn.

Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Àbdùlláhì gidigidi. Ní ti orúkọ mi, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu. Inú iléèwòsàn ni mo ń gbé.

Tolúwalọpẹ́ yín.


Yába, Oǹdó.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta, 2025.

Ọmọ mi àtàtà,

Bá mi yọ̀! Wọ́n tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi yẹ̀ wò, kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ikọ́ ti lọ. Mo ti sanra, àwọn ẹ̀wù mi ti ń bínú sí mi.

Lánàá, ọjọ́ Àìkú, mo ṣe ìdúpẹ́. Gbogbo Ẹgbẹ́ Ìyá ló bá mi jó lọ síwájú pẹpẹ. Fíkà, àlùfáà wa, béèrè ohun tí Olúwa ṣe. Mo ní Ó wo àìsàn kan sàn, mo sì fi orúkọ àìsàn náà sí ikùn mi. Olúgbémiga wá láti Àkúrẹ́, ó jó ju èmi tí ara mi yá lọ. Lẹ́yìn ìsìn, a jẹ iyán àti ọbẹ̀ marúgbó.

Láàárọ̀ yìí, Àbdùlláhì gbé omi wá. Mo ní kó gbé e padà. Ìwọ náà ronú sí i: mo ti dúró níwájú Ọlọ́run àti ìjọ, mo ní Ó ti wò mí sàn. Bí mo bá tún gbé oògùn mì lọ́jọ́ kejì, ta ni mo pè ní òpùrọ́, Òun ni tàbí èmi? Ní ilé wa, ẹni bá ti dúpẹ́ kì í tún na ọwọ́.

Nítorí náà, kọ̀wé sí àwọn Kánádà pé ara ti yá. Kí wọ́n fi físà ránṣẹ́.

Ìyá rẹ tó ti sàn.


Saskatoon.
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, 2025.

Màmá,

Ẹ kò tíì sàn. Ẹ ti fúyẹ́ ni. Mo ti ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn fún yín nínú ìwé mi ti oṣù kìíní, ìpínrọ̀ kejì. Ẹ lọ tún un kà.

Bí kòkòrò yìí bá padà, oògùn mìíràn ni a ó máa wá, ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè má gbọ́ràn. N kò sọ̀rọ̀ físà mọ́. Èmi yín ni mò ń sọ. Fáìlì lè dúró, ẹ̀dọ̀fóró kì í dúró.

Ènìyàn tó kàwé tó yín kò yẹ kó máa hu irú ìwà báyìí. Ẹ padà sí oògùn yín lónìí. Ẹ fèsì lónìí.

Tolúwalọpẹ́.


Saskatoon.
Ọjọ́ ogún, oṣù kẹrin, 2025.

Màmá mi,

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nìyí tí n kò gbúròó yín. Mo pe Ọ́ńkù Olúgbémiga, wọ́n ní ẹ ń sinmi. Mo pe ilé, ẹnìkan gbé e, ó dákẹ́, ó gbé e sílẹ̀. Mo mọ bí ẹ ṣe ń mí, Màmá. Ẹ̀yin ni.

Bí ẹ kò bá fẹ́ wá mọ́, ẹ má wá. Ṣùgbọ́n ẹ lo oògùn. Mo bẹ̀ yín.


Yába, Oǹdó.
Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún, 2025.

Dókítà Tolúwalọpẹ́,

Mo gba ìwé rẹ méjèèjì. Kíkọ wọn dára, ṣùgbọ́n ìkíni kò sí nínú èkíní. Bí mo bá ń máàkì rẹ, wàá pàdánù márùn-ún níbẹ̀. "Ènìyàn tó kàwé tó yín." Èmi ni o kọ ìyẹn sí?

Jẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo fi oògùn sílẹ̀. Ìwé rẹ kọ́ ló sì dá mi padà.

Àbdùlláhì ni. Láràárọ̀ ló ń gbé omi wá, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn máa fi ìwé ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo ní, "Àbdùlláhì, mo ti dúpẹ́ tán." Ó ní, "Màmá, n kò sí níbi ìdúpẹ́ yín, n kò lè bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá wọ aṣọ dán wò, tó ní ó bá òun mu gẹ́lẹ́, tó sì dúpẹ́, ṣé kò ní bọ́ ọ kí n rán etí rẹ̀ ni? Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa wọ̀ ọ́ lọ, tí òwú á máa tú lẹ́yìn rẹ̀?" Mo ní, "Gbé omi yẹn wá."

Nọ́ọ̀sì bá mi wí, ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kún ìparí oògùn mi.

Mo sì ti kọ orúkọ Bísọ́dún. Mo lọ bá a, mo sọ òtítọ́ fún un, mo ń sunkún. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun lo oògùn yẹn parí lọ́dún 1998. Tolú, ọgbẹ́ inú ni gbogbo wa mọ̀ pé ó ṣe Bísọ́dún lọ́dún yẹn! Mo tilẹ̀ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ọgbẹ́ inú náà. Wọ́n pe Olúgbémiga náà fún àyẹ̀wò. Dípò kí ó lọ, ó fi àwòrán Ọ̀bà-Ilé ránṣẹ́. Dókítà pè é, ó béèrè ìgbà tó di obìnrin. Ó ti lọ wàyí, àyà rẹ̀ mọ́.

Ó kù ẹnìkan. Ìdí tí n kò fi fèsì nìyí. Láti oṣù kìíní ni mo ti béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ, o ní inú iléèwòsàn ni o ń gbé. Ajá tó ń gbé ilé ìwé, ṣé ó mọ̀wé ni? Mo fẹ́ kí o mọ bó ṣe rí kí ènìyàn béèrè kí wọ́n má dá a lóhùn.

Ṣé o ti ṣe àyẹ̀wò? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Má ṣàlàyé.

Agnes.


Saskatoon.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún, 2025.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì. Ẹ ṣeun tí ẹ padà sí oògùn.

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ṣe é láti oṣù kìíní. Ó wà lára mi. Ó ń sùn ni. N kò wúkọ́, n kò sì lè kó o ran Ẹ̀bùn bó ṣe wà yìí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sùn lè jí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n lo oògùn oṣù mẹ́rin. Wọ́n ti fún mi ní oògùn náà láti oṣù kejì.

Ẹ ní kí n má ṣàlàyé, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ìyókù. Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ló ka èsì náà fún mi. Mo ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gún wa ní kékeré ló fà á. Òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ yẹn lè da àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe lára awọ rú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ṣe fún mi, kò sì lè da ìyẹn rú. Mo mọ̀. Èmi ni mo ń kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ náà lọ́dọọdún, mo máa ń ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó.

Inú ìgò fítámìn ni oògùn náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. N kò tíì gbé ẹyọ kan mì. Bí mo bá gbé e mì, ìtọ̀ mi á pọ́n, ilé ìyàgbẹ́ kan náà ni gbogbo wa sì ń lò níbi iṣẹ́. Mo ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní dókítà ẹ̀dọ̀fóró tó ti Nàìjíríà wá ti kó ikọ́ ife dé.

Mo kọ ọ́ sí yín pé ìtìjú kì í wo àìsàn. Ẹ dárí jì mí.

Tolúwalọpẹ́.


Yába, Oǹdó.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún, 2025.

Ọmọ mi,

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí o pè é fún wọn. Ó ti gbà mí rí.

Rárá o, mo ń ṣe àwàdà. Sunkún rẹ tán, nu ojú rẹ, kí o sì tẹ́tí sí mi.

Mo ti bá Àbdùlláhì sọ̀rọ̀. Bí aago bá lu méjì ọ̀sán níbí, méje òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ rẹ. Láti ọjọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀, n ó sún tèmi sí méjì ọ̀sán, kí n tó jẹun. Nọ́ọ̀sì ní kò burú. Àbdùlláhì á ti kírun tán, á gbé fóònù dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á sì máa wo àwa méjèèjì. Ó ti ṣí ojú ewé fún ọ. Ó ń béèrè ìbú àyà rẹ, ó ní òun kì í bẹ̀rẹ̀ ojú ewé láìkọ ìwọ̀n.

Ìyá rẹ.


Saskatoon.
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà, 2025.

Màmá mi,

Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní ẹ̀dọ̀ mi lè gbà á. Mo sọ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ó ní òun náà lò ó nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà. Ọdún mẹ́fà ni a ti jọ ń jókòó nínú yàrá kan!

Ẹ sọ fún Bọ̀ọ̀dá Àbdùlláhì pé íǹṣì mẹ́rìndínlógójì ni. A ó rí ara wa ní aago méje.

Tolúwalọpẹ́ yín.


Yába, Oǹdó.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹsàn-án, 2025.

Sí Dókítà Tolúwalọpẹ́,

A kí ọ, a kí ọkọ rẹ, a kí Ẹ̀bùnolúwa tó ti ń rìn.

Èyí ni láti fi tó ọ létí pé àwọn Kánádà kọ̀wé lọ́jọ́rú tó kọjá. Wọ́n ti rí káàdì mi pé mo parí oògùn lóṣù kẹfà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n gbìn lẹ́yìn rẹ̀ kò hu ohunkóhun. Wọ́n ní kí n fi páàsípọ́ọ̀tù mi ránṣẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ kí wọ́n lẹ físà mọ́ ọn. Bísọ́dún ti kó gèlè méjì tí mo ti dá padà fún un wá, wọ́n ti di mẹ́rin.

Olúgbémiga ní kí n ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, òun ti rán agbádá. Mo ní kó fi í pamọ́ ná.

Ìdí rẹ̀ ni pé a yẹ ìwé tìrẹ wò. Ojú ewé rẹ ní ilé Àbdùlláhì fi hàn pé ní oṣù kẹjọ, o lọ sí ìpàdé àwọn dókítà ẹ̀dọ̀fóró ní Toronto, o lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀ tí o ń ṣàlàyé ẹ̀dọ̀fóró fún ayé, o sì gbàgbé oògùn ẹ̀dọ̀fóró tìrẹ sílé. Igi mẹ́rin kò sí níbẹ̀. Àbdùlláhì ti fi ọjọ́ mẹ́rin kún un, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fi mẹ́sàn-án kún tèmi. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ni wàá parí.

Páàsípọ́ọ̀tù mi wà nínú ìwé ìwọ̀n rẹ̀, láàárín ojú ewé rẹ. Ó ní ọwọ́ òun kò ní yọ ọ́ kí igi tìrẹ tó pé. A ti ṣírò ọgbọ̀n ọjọ́ náà, ó ṣì máa ku mẹ́rin sílẹ̀, kí o má sì rò pé o lè fi mẹ́rin yẹn lọ sí ìpàdé mìíràn.

Lọ́jọ́ tí o bá gbé èyí tó gbẹ̀yìn mì, a ó fi ìwé ránṣẹ́, a ó jó lọ síwájú pẹpẹ, n ó sì sọ orúkọ àìsàn náà sókè kí Fíkà gbọ́. Bísọ́dún ní òun náà á sọ tòun.

Má bọkàn jẹ́. Fáìlì rẹ kò ní kú, ọmọ mi. Ó kàn máa dúró ni.

Èmi ni ìyá rẹ,
Agnes.